Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp èmi àti àbúrò mi sórí ìwé ní ọ́fíìsì. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹjà (Túsìdeè, 8:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí orí mi ti ń gbóná láti ọ̀sán, mi ò tíì lè jẹun. Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń dá àwọn kọ́sítọ́mà lóhùn, ó ti ń lọ sí ọdún kẹta báyìí, mi ò sì gba kúẹ́rì rí. Lónìí HR ní kí n wá, mo débẹ̀ mo bá máànéjà mi tó ti jókòó, wọ́n wá ti ìwé mẹ́rin síwájú mi. Mo wò ó títí kó tó yé mi. Ojú láptọ́ọ̀pù mi ni wọ́n yà ní fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ jáde, WhatsApp mi ló sì wà lójú ẹ̀.

Kí n ṣàlàyé o. Ọ́fíìsì fúnra wọn ló ní ká máa lo WhatsApp Web, ìyẹn WhatsApp téèyàn ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, torí àwọn kọ́sítọ́mà kan wà tí wọn ò ní pè, wọn ò ní fi ìméèlì ránṣẹ́, WhatsApp nìkan ni wọ́n mọ̀. Nọ́ńbà tèmi la sì ń lò torí wọn ò fún wa ní fóònù. Tí kọ́sítọ́mà bá kọ̀wé, ibẹ̀ ló ń wọlé sí, tí àbúrò mi bá kọ̀wé, ibẹ̀ náà ni.

Ìwé kejì ló dùn mí wọ egungun. Èmi àti àbúrò mi là ń sọ̀rọ̀ nípa èsì àyẹ̀wò tí màmá wa lọ ṣe lọ́sibítù, àìsàn tí dókítà dárúkọ, iye tí wọ́n ní ká san, ẹni tá a lè yá owó lọ́wọ́ ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé "máànéjà wa yìí ò lójú àánú, mi ò mọ bí mo ṣe máa tọrọ àyè". Wọ́n fi yíǹkì yẹ́lò kun ibẹ̀. Máànéjà kà á sétí mi, ó rọra ń kà á. Orúkọ àìsàn màmá mi wà lókè ibi tó ń kà yẹn, kò kà á sókè, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

Kúẹ́rì náà ní mò ń fi àsìkò iṣẹ́ gbọ́ tara mi, kí n fèsì láàárín wákàtí 48. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa rí pé nǹkan kan wà lórí láptọ́ọ̀pù tó ń ya fọ́tò. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe rí i, ṣebí wọ́n ní ẹlòmíì ò lè ka WhatsApp èèyàn? Aago wà nísàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan: 11:14, 11:24, 11:34, 11:44.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Túsìdeè, 9:05 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ sístá, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù wọn ni, Wi-Fi wọn ni, jẹnẹrétọ̀ wọn ló ń gbé e ṣiṣẹ́, àsìkò tí wọ́n ń sanwó fún sì ni. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Téèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé, kó mú fóònù ẹ̀ jáde síta kó lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Níbi iṣẹ́ tèmi, láti aago mẹ́jọ sí márùn-ún, inú dúrọ́ọ̀ ni fóònù mi máa ń wà.

Iyùnadé (Túsìdeè, 9:11 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kì í ṣe ẹrú. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un, wọn ò ra orí ẹ̀. Ṣé ẹ ò ka ibi tó ti ní nọ́ńbà tòun ni ọ́fíìsì ń lò ni? Ta ló ń ra dátà sórí fóònù yẹn nígbà tí kọ́sítọ́mà bá kọ̀wé lálẹ́ Sátidé? Tí wọ́n bá fẹ́ kí iṣẹ́ dúró lọ́tọ̀ kí ilé dúró lọ́tọ̀, kí wọ́n ra fóònù àti síìmù fún un, ó parí.

Bọ̀ọ̀dá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì (Túsìdeè, 9:40 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́, aago tó o kọ yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Kì í ṣe pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn ẹ, sọ́fítíwéà kan ni wọ́n fi sínú láptọ́ọ̀pù tó ń ya ojú ẹ̀ ní fọ́tò ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń kó o ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọ̀gá. IT ni mò ń ṣe, ọdún mọ́kànlá rèé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀.

Tó bá jẹ́ fóònù tìẹ lo mú wá tó o kàn so mọ́ Wi-Fi ọ́fíìsì, ohun tá à ń rí níbi tá a jókòó sí ò pọ̀. A máa rí i pé fóònù yìí lọ sí Facebook ní aago báyìí, ó lo dátà tó tó báyìí. Ohun tó o kọ síbẹ̀ a ò lè rí i, torí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ni https tẹ́ ẹ máa ń rí níwájú àdírẹ́ẹ̀sì. Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Torí pé àwa la ni ín, a lè fi certificate tiwa, ìyẹn bíi ìwé ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń gbà gbọ́, sínú ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa á wá máa ṣí àgádágodo yẹn láàárín ọ̀nà, á wo inú ẹ̀, á tún tì í padà kó tó kọjá, ìwọ tó ò ń lò ó ò ní mọ nǹkan kan. Ìyẹn lè jẹ́ ká rí ìméèlì ẹ. WhatsApp ní àgádágodo kejì lábẹ́ tàkọ́kọ́, ìyẹn ò ṣeé ṣí lójú ọ̀nà, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ. Ṣùgbọ́n kí ìwọ tó lè kà á, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí lójú láptọ́ọ̀pù ẹ, ojú láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an ni sọ́fítíwéà náà sì ń yà. Àwọn kan tún wà tó ń kọ gbogbo bọ́tìnnì tó o bá tẹ̀ sílẹ̀, títí kan páásíwọọ̀dù. Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé incognito o, ìyẹn ojú ìkọ̀kọ̀ téèyàn ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ju pé kọ̀ǹpútà ò ní tọ́jú ibi tẹ́ ẹ lọ fún ẹni tó bá lò ó lẹ́yìn yín.

Mo ní ohun kan láti sọ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi náà ti bá wọn fi irú ẹ̀ síbẹ̀ rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ní kí n fi sórí láptọ́ọ̀pù gbogbo èèyàn kí n má sọ fún ẹnì kankan, èmi sì ní láti máa ṣí fódà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, mo rí fọ́tò oyún inú obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń yà lọ́sibítù, ó ń fi han ọkọ ẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ó wá bá mi kí n bá òun wo printer, mi ò lè wo ojú ẹ̀. Sọ́fítíwéà yẹn ò mọ̀yàtọ̀, kò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ àti èyí tó jẹ́ ìdílé èèyàn, ohunkóhun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà ló máa kó. Oṣù kejì mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ìyá_Ṣọ́ọ̀bù_Bódìjà (Túsìdeè, 10:16 alẹ́)

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Ẹ má bínú sí mi, èmi náà ń gbààyàn síṣẹ́. Èèyàn mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi n'Ìbàdàn níbí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí mo fọkàn tán jù kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo kọ́sítọ́mà mi, ó fi ránṣẹ́ sí ìméèlì ara ẹ̀, ó gbé e lọ fún ẹni tá a jọ ń ta ọjà kan náà. Owó tí mo fi ń kó ọjà jọ láti ọdún méje fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sínú omi. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, dátà tí mo rà fún oṣù kan máa ń tán ní ọjọ́ kẹsàn-án torí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Kí lẹ fẹ́ kémi ṣe? Kí n jókòó kí n máa wò?

Mo fi kámẹ́rà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ní kí wọ́n ti fídíò pa lórí Wi-Fi, kò lè ṣí mọ́. Ṣùgbọ́n mo pe gbogbo wọn jọ kí n tó ṣe é, mo fi kámẹ́rà hàn wọ́n, mo ní ibi tó ń wò nìyí, kò wo ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun. Ohun tí wọ́n ṣe fún Àbẹ̀kẹ́ yìí, mi ò lè ṣe é. Èsì àyẹ̀wò ìyá èèyàn kẹ̀? Ó ga.

Lọ́yà_Òkè-Àdó (Wẹ́sìdeè, 6:52 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Arábìnrin Àbẹ̀kẹ́, ẹ má tíì fi ìbínú kọ èsì kankan, ẹ sì má pa nǹkan kan rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yẹn torí wọ́n á ní ẹ ń pa ẹ̀rí rẹ́.

Ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti mójú tó iṣẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ní. Ẹ̀tọ́ yẹn láàlà ni. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ó dárúkọ ilé ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. A tún wá ní òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, òun ló dá NDPC sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí òfin náà. Kí ìyẹn tó dé, ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2019 la ń lò. Òfin yìí ní ẹni tó bá ń kó dátà èèyàn jọ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé òun ń kó o, ìdí tóun fi ń kó o, àti bó ṣe máa pẹ́ lọ́wọ́ òun tó. Kò sì gbọ́dọ̀ kó ju èyí tó nílò lọ. Ọ̀rọ̀ ìlera wà lára èyí tí òfin ní kí wọ́n ṣọ́ jù, ìyẹn ni pé ìwé kejì tẹ́ ẹ sọ yẹn wúwo ju mẹ́ta yòókù lọ. Màmá yín ò gba owó oṣù níbẹ̀, àbúrò yín náà ò gba owó oṣù níbẹ̀, ta ló fún wọn láṣẹ láti kó ọ̀rọ̀ tiwọn? Ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin yìí, ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn kéékèèké, mílíọ̀nù 2 tàbí ìdá méjì yẹn kan náà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan torí bó ṣe jọ tiyín ya mí lẹ́nu. Ọkùnrin kan ní Ròmáníà, Bărbulescu lorúkọ ẹ̀, ibi iṣẹ́ ẹ̀ ní kó ṣí Yahoo Messenger kó lè máa dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Ní oṣù keje 2007, wọ́n ṣọ́ ọ fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n wá tẹ ojú ìwé 45 jáde síwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ti ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ̀ náà wà níbẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìlera. Wọ́n lé e. Ó fìdí rẹmi ní kóòtù ìlú ẹ̀, ó tún fìdí rẹmi ní kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní 2016, kò dẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 2017, Ìgbìmọ̀ Àgbà kóòtù yẹn dá a láre, adájọ́ mọ́kànlá sí mẹ́fà. Ẹ wò ó o, wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbọ́ tara ẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún un ni pé àwọn lè ka ọ̀rọ̀ tó bá kọ. Ìyẹn wà lára ìdí tí kóòtù fi ní Ròmáníà ò dáàbò bo àṣírí ẹ̀ bó ṣe yẹ. Kóòtù ò fún un ní owó gbà-má-bínú, owó ẹjọ́ nìkan ló rí gbà.

Ẹjọ́ yẹn ò de kóòtù wa níbí, ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fèsì kúẹ́rì yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí tó sọ pé wọ́n á máa ya ojú láptọ́ọ̀pù yín hàn yín. Ẹ bi wọ́n pé kí lìdí tí wọ́n fi ní láti ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ṣé wíwo iye kọ́sítọ́mà tẹ́ ẹ dá lóhùn lójúmọ́ ò tó ni. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ti rí àwọn fọ́tò náà. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé.

Ṣadé_Peckham (Wẹ́sìdeè, 9:30 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ bàbá lọ́yà. Ní London níbí náà wọ́n ń ṣọ́ wa o. Àjọ tó ń rí sí dátà níbí, ICO, ti gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023 pé kí ọ́fíìsì sọ fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó máa ṣọ́ ọ. Ní oṣù kejì 2024 wọ́n tún pàṣẹ fún Serco Leisure, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ibi eré ìdárayá, kó yéé fi ojú àti ìka àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ẹ̀rí àsìkò tí wọ́n dé ibi iṣẹ́, ó lé ní 2,000 èèyàn tọ́rọ̀ kàn, ibi iṣẹ́ 38.

Ilé lèmi ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Teams la ń lò, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, tó ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ á kúrò ní gíríìnì á di yẹ́lò. Ẹ gbọ́, mo ti sáré jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ rí torí yẹ́lò yẹn, èmi ẹni ọdún 46. Ẹ̀rù yìí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn ra ẹ̀rọ tó ń bá wọn yí mouse fúnra ẹ̀. Lọ́dún 2024 báńkì Wells Fargo l'Amẹ́ríkà lé èèyàn tó lé ní méjìlá torí irú ẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mi ò ní kéèyàn máa purọ́ níbi iṣẹ́. Àmọ́ yíyí mouse kì í ṣe iṣẹ́, ẹni tó bá ń ka yíyí mouse ni kì í jẹ́ káwọn èèyàn rí iṣẹ́ ṣe.

Fẹ́mi_Àkúrẹ́ (Wẹ́sìdeè, 12:08 ọ̀sán)

Mò ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó lórí Upwork, ìkànnì téèyàn ti ń gba iṣẹ́ ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya ojú láptọ́ọ̀pù mi, kò sì dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Iṣẹ́ tá à ń gba owó wákàtí lórí ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín wákàtí kan ló máa ya fọ́tò. Èmi fúnra mi ni mo máa tan aago kó tó bẹ̀rẹ̀, tí mo bá fẹ́ gba ìpè ìyàwó mi mo máa pa á. Gbogbo fọ́tò tó bá yà ni mo lè rí, tí èyí tí mi ò fẹ́ bá wà níbẹ̀ mo lè pa á rẹ́, mi ò kàn ní gbowó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo rí i, ọwọ́ mi ni bọ́tìnnì wà. Ti sístá yìí, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí Ọlọ́run nìkan mọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Wẹ́sìdeè, 1:20 ọ̀sán)

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ẹ má bínú sí òwe tí mo pa lánàá, kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Ròmáníà yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sórí Facebook lọ ń bú ibi iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́, tàbí kó gbé e sí status? Ìyẹn náà ṣé àṣírí ni?

Àǹtí_HR (Wẹ́sìdeè, 2:03 ọ̀sán)

Iṣẹ́ mi nìyẹn, kí n dáhùn. Ohun téèyàn gbé sí gbangba Facebook, gbogbo ayé ló gbé e fún, ọ́fíìsì náà wà nínú ayé. Mo máa ń wò ó ká tó gbààyàn síṣẹ́, mi ò ní purọ́. Èyí tí mi ò lè gbà ni kí ọ́fíìsì ní kéèyàn mú fóònù ẹ̀ wá ká yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kó mú páásíwọọ̀dù ẹ̀ wá. Mo ti rí i níbí. L'Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ́kọ́ fòfin dè é ní 2012, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì tẹ̀ lé e.

Ti status, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gbogbo status tó dé orí tábìlì mi pátá, kò sí èyí tí sọ́fítíwéà mú wá nínú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán ló yà á ní síkírínṣọ́ọ̀tì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ lọ sí settings, ẹ yọ nọ́ńbà àwọn ará ibi iṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó ń rí status yín, ìṣẹ́jú méjì ni.

Àbẹ̀kẹ́, èmi tó jẹ́ HR ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o: ẹni tó tẹ ìwé kejì yẹn jáde ò yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá, máa kọ́kọ́ ti ìyẹn padà.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹjà (Fúráìdeè, 7:15 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo kọ èsì náà lálẹ́ Wẹ́sìdeè bí lọ́yà ṣe ní kí n kọ ọ́, ojú ìwé kan, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé òótọ́ ni mo sọ̀rọ̀ ilé fún bí ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ yẹn. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lónìí wọ́n tún pè mí. Máànéjà ò sí níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. HR mú ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo wọlé jáde, ó ṣí i síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọ́fíìsì lè yẹ ẹ̀rọ ẹ̀ wò nígbàkigbà. Ìlà kan péré. Kò sí fọ́tò níbẹ̀, kò sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí pé wọ́n á ka ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo fi hàn án, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní àwọn á yọ ìwé kejì kúrò nínú fáìlì mi, kúẹ́rì á ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ò ní gé owó mi, wọ́n á sì kọ ìwé sí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nípa sọ́fítíwéà náà. Ó fún mi láyè ọjọ́ méjì láti tẹ̀ lé màmá lọ sọ́sibítù, mi ò tiẹ̀ béèrè.

Mo ní àwọn fọ́tò inú kọ̀ǹpútà ńkọ́, ó ní àwọn á pa á rẹ́. Mo ní ṣé mo lè wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pa á rẹ́. Ó ní òun á bi àwọn IT. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Bọ̀ọ̀dá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì (Fúráìdeè, 7:31 alẹ́)

O ṣe é dáadáa. Tí wọ́n bá pè ẹ́, bi wọ́n nípa backup náà, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú síbòmíì. Fọ́tò tí wọ́n bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá ṣì máa wà nínú backup títí dìgbà tí ẹnì kan bá lọ yọ ọ́ níbẹ̀. Ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ sínú ìwé fún ẹ.